Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn ò ní fi wá sílẹ̀. Ṣé ká fowó ránṣẹ́?

ỌmọLàgéré (Ilé-Ifẹ̀) · Ọjọ́ Ajé, 9:14 àárọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé: láàárín ọdún mẹ́ta, Commodore 64, kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn, mọ́kànlá ni wọ́n ti gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Làgéré. Mẹ́sàn-án nínú wọn, páwà, àpótí tó ń gbé iná wọ ẹ̀rọ, ló pa wọ́n. Mi ò sọ pé páwà kú o, ìyẹn ì bá tiẹ̀ sàn. Páwà ya wèrè, ó sì mú ẹ̀rọ lọ.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Yúróòpù tó ń ṣe páwà tuntun fún kọ̀ǹpútà àtijọ́. Mi ò ní dárúkọ wọn torí a ṣì wà lẹ́nu ìnájà. Mo ní kí wọ́n bá wa ṣe èyí tó lè fara da iná tiwa: kó lè gba iná láti 150 fólítì dé 270, kó sì já fúnra rẹ̀ bí 5 fólítì tó ń gbé jáde bá fi lè kọjá 5.4. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe. Wọ́n ní bí a bá ti lè ra 30, ọ̀kọ̀ọ̀kan á jẹ́ 38 pọ́n-ùn. Inú mi dùn, mo gbé e wá síbí, ẹ̀yin 41 lẹ kọ orúkọ sílẹ̀ pé ẹ fẹ́.

Lẹ́yìn oṣù méjì, lẹ́tà mìíràn dé. 30 ti di 50. Wọ́n tún ní ká san ìdajì owó sílẹ̀ kí àwọn tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Gbólóhùn tí wọ́n fi parí lẹ́tà nìyí, bí mo ṣe lè túmọ̀ rẹ̀: "Ọjà yín kéré, ṣùgbọ́n a ti fi ara wa jìn fún un, a ò ní fi yín sílẹ̀."

Ìdajì owó 50 jẹ́ 950 pọ́n-ùn. Ẹ fúnra yín ṣírò rẹ̀ sí náírà, kí orí má baà fọ́ èmi nìkan. Ṣé ká fowó ránṣẹ́ àbí ká jókòó jẹ́ẹ́?

Akẹ́kọ̀ọ́_OAU · Ọjọ́ Ajé, 9:40 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ má bínú, ìbéèrè ọmọdé ni. Ṣé ṣájà fóònù kì í gbé 5 fólítì jáde ni? Kí ló dé tí a ò gé okùn ṣájà kan ká so ó mọ́ ọn? Gbogbo géèmù ẹ̀rọ yìí pátá ló sì wà lórí fóònù mi, kò ná mi ní kọ́bọ̀.

Bàbá_Kásẹ́ẹ̀tì (Mọ̀ọ́rè, Ilé-Ifẹ̀) · Ọjọ́ Ajé, 11:02 àárọ̀

Ọmọ mi, a kì í bínú sí ẹni tó béèrè. Iná méjì ni ẹ̀rọ yẹn ń jẹ: 5 fólítì DC, iná tó ń lọ sọ́nà kan, àti 9 fólítì AC, iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Ṣájà rẹ lè fún un ní ti àkọ́kọ́, níbo lo ti fẹ́ rí èkejì? Láti ara 9 yẹn ni mọ́tò kásẹ́ẹ̀tì ti ń yí, láti ara rẹ̀ náà ni SID, ṣíìpù tó ń kọrin, ti ń rí 12 fólítì tirẹ̀. Láìsí i, bí ẹ̀rọ bá tiẹ̀ tàn, odi ni.

Páwà àtilẹ̀wá rẹ̀ dúdú, ó wúwo bí ọmọ ọlọ. Wọ́n da nǹkan kan bí ọ̀dà kún inú rẹ̀, ó le gbagidi, o ò lè ṣí i tún un ṣe, ooru náà ò rọ́nà jáde. Nínú ọ̀dà yẹn ni régúlétọ̀ tó ń di iná mú sójú 5 wà. Tí ọjọ́ ogbó bá dé sí i, kì í kú bí ọmọlúàbí. Á jẹ́ kí iná máa gùn: 6, 7, nígbà míì ó jù bẹ́ẹ̀. Ṣíìpù RAM, ìyẹn ìrántí ẹ̀rọ, mẹ́jọ ló tò sórí bọ́ọ̀dù ti ayé àtijọ́, àwọn ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Mo ti fi ìka kan ọ̀kan rí lẹ́yìn tó ti jóná, ó bó mi lára. Títí di òní, ojú ibẹ̀ ò rí bíi tẹ́lẹ̀.

Èmi gba tèmi ní 1986 lọ́wọ́ olùkọ́ kan tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé, nígbà tí wọ́n ṣì ń pe OAU yín yẹn ní Yunifásítì Ifẹ̀. Torí pé ti Ìlú Ọba ni, PAL ni ọ̀nà tó fi ń gbé àwòrán jáde, tẹlifíṣàn wa náà sì ń lo PAL, kálà rẹ̀ yọ kedere. Ẹni tó ti Amẹ́ríkà gbé tirẹ̀ dé, àwòrán dúdú òun funfun tó ń yí gbiri ló ń wò.

Ti fóònù rẹ, ó dára. Fọ́tò ìyá ẹni náà dára lára ògiri. A kì í torí rẹ̀ sọ fún ìyá pé kó má wá sílé mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́_OAU · Ọjọ́ Ajé, 11:10 àárọ̀

Mo ti gbọ́, sà. Mo mú ti ṣájà kúrò ńlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti ra orúkọ Commodore ní 2025, Christian Simpson tó ń ṣe Peri Fractic lórí YouTube. Wọ́n ti ń ta 64 tuntun báyìí. Kí ló dé tí a ò ra ìyẹn?

Sábó_Boy · Ọjọ́ Ajé, 11:25 àárọ̀

Láti nǹkan bí 300 dọ́là ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 2025. Ìwọ sanwó, èmi á wá ṣeré géèmù lọ́dọ̀ rẹ.

Òṣómàáló64 (Ilẹ́ṣà) · Ọjọ́ Ajé, 1:30 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ kí Ìjẹ̀ṣà sọ̀rọ̀ owó díẹ̀. Bàbá-bàbá mi ta aṣọ láwìn káàkiri oko àti ìlú. Tó bá dọjọ́ owó, á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ẹni tó jẹ ẹ́, á ní òṣó ni òun máa ló títí òun á fi gbowó òun. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè wá ní Òṣómàáló. Nínú ìwé gbèsè bàbá yẹn, orúkọ wà, iye wà, ọjọ́ wà. "A ò ní fi yín sílẹ̀" ò sí níbẹ̀.

Ẹ kúkú wo ìtàn ẹ̀rọ tí à ń sọ yìí. Commodore ta 64 ju mílíọ̀nù 12 lọ, síbẹ̀ ní 29 oṣù kẹrin 1994, wọ́n kéde pé àwọn ti kógbá wọlé. Escom, ará Jámánì, ra ohun tó ṣẹ́ kù ní 1995. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Amiga 1200, kọ̀ǹpútà Commodore mìíràn, lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀rọ tó ń ka fulọ́pì ti PC ni wọ́n tún ṣe kì sínú rẹ̀, àwọn géèmù kan kọ̀, wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ní 1996, Escom náà wọgbèsè. Amiga di ọwọ́ Gateway, ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, ní 1997. Oṣù kọkànlá 1998, Gateway ní orí sọ́fítíwíà QNX ni àwọn á kọ́ Amiga tuntun lé. Oṣù keje 1999, wọ́n ní rárá, Linux ni. Ọdún yẹn ò tíì tán tí wọ́n fi tà á. Ọkọ mẹ́ta láàárín ọdún márùn-ún, gbogbo wọn ló sì búra fún ìyàwó.

Àwọn olówó nìyẹn o. Ẹ̀yin wá ń bá ẹni méjì tó jókòó sínú gáréèjì ná ọjà, 30 ti di 50 kí wọ́n tó kọ́ páwà kan ṣoṣo. Á di 80. Ẹ má san kọ́bọ̀.

Sábó_Boy · Ọjọ́ Ajé, 1:41 ọ̀sán

Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé ló ti ń múná roko 😂 Bàbá yìí lè fẹsẹ̀ rìn láti Ilẹ́ṣà wá sí Ifẹ̀ torí 38 pọ́n-ùn.

Òṣómàáló64 · Ọjọ́ Ajé, 1:43 ọ̀sán

Màá rìn. Bíi 30 kìlómítà péré ni.

Lọ́yà_Párákín (Ilé-Ifẹ̀) · Ọjọ́ Ajé, 8:55 alẹ́

Mo ka gbogbo rẹ̀ tán kí n tó fèsì. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó san tàbí kó má san. Mo kàn fẹ́ ká mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wa. Lẹ́tà ni, kì í ṣe àdéhùn. "A ti fi ara wa jìn" ò ní ọjọ́ nínú, kò ní iye nínú, kò sì sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí wọn ò bá ṣe é. Ẹ gbé e dé ilé ẹjọ́ wò, adájọ́ á ní kí ẹ lọ fi mú inú ara yín dùn.

Ìdajì owó tí wọ́n ń béèrè ló ń kọ mí lóminú. Ní 2016, ilé-iṣẹ́ kan ní Ìlú Ọba, Retro Computers, gba ju 500,000 pọ́n-ùn lọ lọ́wọ́ àwọn olólùfẹ́ kọ̀ǹpútà àtijọ́ Sinclair lórí Indiegogo, ojúlé tí aráyé ti ń dáwó jọ, wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe ẹ̀rọ géèmù ZX Spectrum Vega+. Ó di 2018 kí ìwọ̀nba díẹ̀ tó jáde. Nígbà tó di 2019, ilé-iṣẹ́ náà ti wọlé. Bí ilé-iṣẹ́ bá sì wọlé báyìí, ẹ̀yìn pátápátá ni ẹni tó san àsansílẹ̀ máa ń tò sí. Ìjọba, báńkì àti ẹni tó gba nǹkan dúró ló máa ń jẹun kí àwo tó kan yín.

Kí ẹ má sì rò pé bí ìwé bá ti wà, ó ti parí. Ìwé wà láàárín Amiga Inc., tó gba orúkọ Amiga lẹ́yìn Gateway, àti Hyperion ti Belgium tó ń ṣe sọ́fítíwíà, 2001 ni wọ́n fọwọ́ sí i. Nígbà tó yá, oníkálùkù ń ka ìlà kan náà bó ṣe wù ú, wọ́n gbé ara wọn lọ sí kọ́ọ̀tù ní Amẹ́ríkà, 2009 ni wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé ìparí ìjà.

Ohun tí èmi á béèrè ni pé kí wọ́n ṣe ẹyọ kan ránṣẹ́ ká fojú rí i. Kí owó pín sí ọ̀nà mẹ́ta, kó má lọ lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó wá jẹ mí lógún jù: ọjọ́ tí wọ́n bá ṣíwọ́ ṣíṣe é, ta ló máa tún un ṣe fún wa?

ỌmọLàgéré · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:20 àárọ̀

Ẹ ṣeun, Àǹtí Lọ́yà. Ẹ̀gbọ́n Òṣómàáló, mo gbọ́ tiyín, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n gbèjà wọn díẹ̀.

Mo bi wọ́n léèrè ìdí tí 30 fi di 50. Tiransifọ́mà ló fà á. Ti 5 fólítì ò le, sákíìtì kékeré á ṣe é. 9 fólítì AC yẹn ló nílò tiransifọ́mà gidi, tiwa sì gbọ́dọ̀ ní ẹ̀ka púpọ̀ lára kó lè máa pààrọ̀ bí iná ṣe ń lọ sókè sódò. Kò sí nínú ọjà. Ẹlòmíì ló máa ń wé wáyà rẹ̀ fún wọn, ẹni yẹn sì ní òun ò ní gbé ẹ̀rọ òun nílẹ̀ fún ohun tí kò tó 50. Àwọn kọ́ ló gbé iye sókè, ẹni tó ń ta ọjà fún wọn ni.

Kì í sì í ṣe gbogbo àsansílẹ̀ ló ń wọ ilẹ̀. Sinclair kan náà tí Lọ́yà sọ yìí, ẹgbẹ́ mìíràn gba ju 700,000 pọ́n-ùn lọ ní 2017 lórí Kickstarter fún ZX Spectrum Next. Ó pẹ́, àwọn èèyàn bú wọn. Ní 2020, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ àwọn tó sanwó.

Amíga_Mọdákẹ́kẹ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:58 àárọ̀

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ 64 lẹ̀ ń sọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ní Amiga 500 Plus nínú yín, ẹ ṣí i lónìí kí ẹ gé bátìrì kékeré tó wà lórí bọ́ọ̀dù kúrò. Tèmi ti ṣomi. Omi yẹn jẹ àwọn wáyà tó wà lábẹ́ rẹ̀, àwọ̀ ewé ló kù. Ẹ padà sí ọ̀rọ̀ yín.

Ìyá_Rẹ́kọ́ọ̀dù (Mayfair, Ilé-Ifẹ̀) · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:15 àárọ̀

Èmi ni mo ń tọ́jú owó ẹgbẹ́ yìí, torí náà ẹ jẹ́ kí n ṣí ìwé.

Àwọn 41 ló kọ orúkọ. Mo ní kí oníkálùkù mú 5,000 náírà wá kó lè hàn pé òótọ́ lẹ̀ ń sọ. Ẹni mẹ́sàn-án ló san. Nínú àwọn mẹ́sàn-án, ẹni méjì ti pè mí pé kí n dá a padà, ọ̀kan ní òun fẹ́ fi ra gáàsì. Ó kù méje. 35,000 náírà ló wà lọ́wọ́ mi.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ ní kí n bá yín ra páálí fulọ́pì, ogún páálí. Ẹni mẹ́fà ló wá gbé tiẹ̀. Mẹ́rìnlá ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, eku ti fi ẹnu kan ọ̀kan.

Láti àná ni mo ti ń ka bí ẹ ṣe ń bi òyìnbó bóyá ó dúró tàbí kò dúró. Ẹ̀yin ń kọ́? Bí èmi bá wà nípò ọkùnrin yẹn tí mo rí 41 tó di méje, 200 ni mo máa béèrè, mi ò ní béèrè 50.

Sábó_Boy · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:31 àárọ̀

Ìyá, ọ̀rọ̀ yìí le o. Owó oṣù ò tíì wọlé.

Ìyá_Rẹ́kọ́ọ̀dù · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:33 àárọ̀

Ìwọ lo ní páálí tí eku jẹ.

Akẹ́kọ̀ọ́_OAU · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:50 àárọ̀

Ta ni àwọn méje yẹn, ma?

Ìyá_Rẹ́kọ́ọ̀dù · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:06 àárọ̀

Mi ò ní ka orúkọ gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ san ni Òṣómàáló.

Amíga_Mọdákẹ́kẹ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:09 àárọ̀

Ẹni tó ní ká má san kọ́bọ̀?!

Òṣómàáló64 · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:30 àárọ̀

Ẹ̀yin ni mo ní kẹ́ ẹ má san. Èmi mọ bí mo ṣe ń gbowó mi padà.

Bàbá_Kásẹ́ẹ̀tì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:45 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀rín pa mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan kí ỌmọLàgéré tó pe àwọn èèyàn yẹn.

Kí Commodore tó ra Amiga, owó ti tán lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Amiga. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó dára ju ti gbogbo ayé lọ, wọn ò rí owó fi parí rẹ̀. Wọ́n gba 500,000 dọ́là lọ́wọ́ Atari, ilé-iṣẹ́ géèmù àti kọ̀ǹpútà. Bí wọn ò bá dá a padà ní ìparí oṣù kẹfà 1984, Atari á máa lo ṣíìpù wọn. Jack Tramiel, tó dá Commodore sílẹ̀, ti kúrò níbẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún yẹn, òun náà ló padà ra Atari ní oṣù keje. Ẹ wo bí okùn ṣe ń fún mọ́ wọn lọ́rùn. Commodore ló gbé owó sílẹ̀, wọ́n san gbèsè Atari padà, ní oṣù kẹjọ Amiga di ti Commodore.

Ẹni tó ní ọjọ́ lọ́rùn kì í lè ná ọjà dáadáa. Àwa ò ní ọjọ́ lọ́rùn. Ẹ̀rọ mi ti dúró láti 1986, á dúró di ọdún tó ń bọ̀. Àwọn náà ni ọjà ń wù. Torí náà, ọmọ mi, má lọ fi 41 yẹn yangàn. Sọ iye tí a jẹ́ gan-an fún wọn. Ọ̀rọ̀ tútù ní í yọ obì lápò. Bi wọ́n pé, "Ẹ̀yin náà, kí lẹ máa gbé sílẹ̀?"

Lọ́yà_Párákín · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:02 ìrọ̀lẹ́

Ìbéèrè tó tọ́ nìyẹn, Bàbá.

ỌmọLàgéré · Ọjọ́ Ẹtì, 2:17 ọ̀sán

Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀. Ojú-kojú, lórí fídíò, láti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ jókòó.

A ò tíì sọ̀rọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ tí wọ́n fi múná lọ. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò gbéra, tèmi náà gbéra, ẹni tó ń lọ ata níwájú wa sì fa iná lára tèmi. Ọkùnrin náà ní, "Ariwo kí nìyẹn?" Mo ní, "Iná tí ẹ fẹ́ ṣe páwà fún nìyẹn." Mo gbé mítà síwájú kámẹ́rà, mo ki ẹnu rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. 243. 251. Ẹni tó ń lọ ata tan ẹ̀rọ rẹ̀, ó já sí 188. Ó pa á, ó fò dé 262. Ọkùnrin yẹn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó pe ẹnì kejì rẹ̀ kó wá wò ó. Mo rò pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n tó gbà pé kì í ṣe àsọdùn ni mò ń sọ láti ọjọ́ yìí wá.

Mo wá sọ òótọ́ fún wọn. Mo ní 41 tí mo kọ kì í ṣe 41, pé ẹni méje ló gbé owó sílẹ̀. Mo rò pé wọ́n máa pa fóònù ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ti àwọn náà máa ń rí bẹ́ẹ̀, pé nínú ọgọ́rùn-ún tó bá ní òun á rà, bí ogún bá rà, àwọn á dúpẹ́.

Ibi tí a bá a dé nìyí. Àwọn á ní kí wọ́n wé tiransifọ́mà 50. Tiwa á jẹ́ 30, àwọn á fi owó ara wọn ra ogún tó kù sílẹ̀, bóyá wọ́n á rí ẹlòmíì tà á fún, bóyá wọn ò ní rí. Nítorí ìyẹn, iye rẹ̀ kúrò ní 38, ó di 43 pọ́n-ùn. Mo ná an dé 40, ó kọ̀. Mo ná an dé 42, ó kọ̀. Mo fi í sílẹ̀ ní 43.

Wọ́n á kọ́kọ́ fi ẹyọ kan ránṣẹ́, àwa la máa san owó ìyẹn àti owó ìfiránṣẹ́. Bí a bá tẹ́wọ́ gbà á, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá la máa san sílẹ̀, kì í ṣe ìdajì mọ́. Wọ́n kọ̀ láti fún wa ní àwòrán sákíìtì. Mo bẹ̀ ẹ́, mo yí i po, ó ní ohun tí àwọn ń jẹ nìyẹn. Mi ò rí i bá wí.

Lọ́yà_Párákín · Ọjọ́ Ẹtì, 3:30 ọ̀sán

O ṣe dáadáa, àbúrò. Má fi ti sákíìtì sílẹ̀ báyẹn. Má béèrè fún un lónìí. Ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé bí odidi ọdún kan bá kọjá tí wọn ò ta páwà yìí fún ẹnikẹ́ni mọ́, tàbí bí wọ́n bá kógbá wọlé, àwòrán náà á di tiwa láti fi tún tiwa ṣe, kì í ṣe láti tà. Ẹni tó bá lóun ò ní fi wá sílẹ̀ lóòótọ́, ìlà yẹn ò ná an ní nǹkan kan.

ỌmọLàgéré · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:05 àárọ̀

Mo fi ránṣẹ́ lóru. Ó dáhùn ní ìlà kan: "Ó dára. Ọdún méjì, kì í ṣe ọ̀kan." Mo ti gbà.

Òṣómàáló64 · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:20 àárọ̀

Ẹni tó ra ogún sílẹ̀ láìtíì rí ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Hmm. Òun náà ti lóṣòó nìyẹn. Mo yí ohùn mi padà díẹ̀ o, díẹ̀ ni mo sọ. Ẹ jẹ́ ká rí ẹyọ kan ọ̀hún ná.

ỌmọLàgéré · ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, Ọjọ́ Rú, 6:48 ìrọ̀lẹ́

Ó dé lánàá. Àwọn aṣọ́bodè dá a dúró fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ìtàn ìyẹn ń bẹ láyè ara rẹ̀.

Páálí funfun kékeré, kò wúwo bí ti àtijọ́. Mi ò kọ́kọ́ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni. Mo so gílóòbù ọkọ̀ kékeré mọ́ ọn kó lè rí nǹkan gbé, mo wá ń wọ̀n ọ́n. 5.03. Mo fi í sílẹ̀ fún wákàtí méjì, mo lọ jẹ iyán, mo padà dé, 5.03. Mo fọwọ́ kan ara rẹ̀, ó lọ́wọ́ọ́rọ́, kò gbóná. Ìgbà yẹn ni mo tan jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn, mo wá ń yí ibi tó ń mú un sáré sókè sódò bí ọmọ tó ń ṣeré. Mítà sọ 155, páwà ò mira. Ó sọ 240, kò mira. Mo fún un dáadáa títí mítà fi kọ 274. Tá! Iná pupa tàn lára rẹ̀, ó já. Mo rọra dá a sílẹ̀ sí 230, mo tẹ bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó padà tàn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó so ó mọ́ 64 tèmi. Ojú búlúù yọ, "38911 BASIC BYTES FREE". Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, wọ́n gbé kásẹ́ẹ̀tì wọn wá, ó yí dáadáa.

Àbùkù méjì: okùn rẹ̀ kúrú, bí tábìlì rẹ bá ga, kò ní dé ilẹ̀. Ẹnu rẹ̀ tó ń wọ ara kọ̀ǹpútà, pín-ìnì méje yẹn, ó ń mì díẹ̀. Mo ti kọ̀wé sí wọn. Wọ́n ní okùn á gùn sí i, ẹnu náà àwọn á pààrọ̀ rẹ̀, iye ò ní yàtọ̀.

Bàbá_Kásẹ́ẹ̀tì · Ọjọ́ Rú, 7:30 alẹ́

Mo jẹ́rìí sí i. Mo mú méjì, ọ̀kan fún ọmọ mi tó wà ní Ìbàdàn.

Ìyá_Rẹ́kọ́ọ̀dù · Ọjọ́ Rú, 9:12 alẹ́

Àwọn tó ti san ìdá mẹ́ta tiwọn títí di alẹ́ yìí jẹ́ 19. A nílò 30. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni òpin. Mi ò ní gba orúkọ lásán mọ́, owó ni kí ẹ kọ.

Òṣómàáló64 · Ọjọ́ Rú, 9:40 alẹ́

Ẹ kọ mẹ́fà fún mi. Mo ti fowó ránṣẹ́, ẹ wo fóònù yín, Ìyá. Ó ku márùn-ún. Mo ní ìwé orúkọ 41 yẹn lọ́wọ́, mo tẹ̀ ẹ́ síta. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, mò ń bọ̀ ní Ifẹ̀. Sábó ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

Sábó_Boy · Ọjọ́ Rú, 9:41 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní sí nílé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta o. Mò ń lọ sí ìgbéyàwó ní Òṣogbo.

Òṣómàáló64 · Ọjọ́ Rú, 9:43 alẹ́

Kò burú. Ẹnu ọ̀nà yín ní òjìji dáadáa, mo rántí. Ẹ sáà bá mi sọ fún ìyàwó yín kó gbé àpótí kan síta.

Sábó_Boy · Ọjọ́ Rú, 9:58 alẹ́

Ìyá Rẹ́kọ́ọ̀dù, ẹ jọ̀ọ́, nọ́mbà àkáǹtì yẹn dà?